Agolo Mílíìkì àti Etí Ìyá Àjàmú

Ní ọdún kejì tí wọ́n yí orúkọ Bathurst padà sí Banjul, ọkùnrin kan ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Jollof Town níbẹ̀. Kazeem lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́ta. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá síbẹ̀ wá ta wósìwósì, ó tà á títí ó fi kú, ìyá rẹ̀ sì gba àtẹ náà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìlẹ̀kẹ̀.

Tábìlì kan ni ṣọ́ọ̀bù Kazeem, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn Akú kan, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé àtijọ́. Agbọ̀n ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òkú rédíò ló kún inú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wọn, rédíò tó bá kú, wọn kì í sin ín. Wọ́n á já ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ṣì ń mí. Àjàmú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́ ọ. Àjàmú máa ń sọ pé, "Kò sí ohun tó wà nínú ọ̀kan tí òmíràn kò ní." Kazeem gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni gba kéú gbọ́.

Nígbà tó yá, Àjàmú ní òun ń lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ìyá wọn ò fẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà náà. Ọjọ́ tí Àjàmú gbé àpótí rẹ̀, òjò ń rọ̀ gidigidi. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí i. Ó ní, "Bí o bá ré ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, má pè mí ní ìyá mọ́." Àjàmú wò ó. Ó ré e kọjá. Àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ìyá, Àjàmú, Kazeem. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á.

Láàárín ọdún yẹn ni etí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí di. Nígbà tó yá, ohùn àjèjì dàbí omi létí rẹ̀. Ohùn Kazeem nìkan ló kù tó ń gbọ́, bí Kazeem bá fi ẹnu sí i létí tó sì pariwo.

Ọdún kejì tí Àjàmú lọ, atukọ̀ kan mú ẹrù kékeré wá láti ọ̀dọ̀ Àjàmú. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Wọ́n ń gbé e kọ́ àyà, wáyà tín-ín-rín kan sì gùn láti ara rẹ̀ lọ sínú etí. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń jẹ, bátìrì tí kò tó ìka ọmọdé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì ń lò kó tó tán. Ó fi páálí bátìrì kan sí i. Kò fi lẹ́tà sí i.

Ìyá fi í sétí, ó gbọ́ Kazeem tó ń wúkọ́ nínú yàrá kejì. Ó sunkún. Ó bi í pé, "Ṣé kò sọ nǹkan kan?" Atukọ̀ náà ní rárá. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ti ń rò ó. Ẹni tó rán etí sí èèyàn, ṣé ó ti dárí jì í ni, àbí ó fẹ́ kí ìyá gbọ́ ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí dáadáa?

Kò rí Àjàmú bi. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni ìwé dé. Ibà ló mú un nínú ọkọ̀. Wọ́n sin ín sí ìlú etíkun kan tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ìlà méjì ni gbogbo ìwé náà.

Lóṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan tún dé. Olútúndé ló rán an, ará Oǹdó, tó ń tọ́jú iná mànàmáná nínú ọkọ̀ kan náà. Ó ní òun wà lẹ́bàá Àjàmú nígbà tó kú. Ó ní Àjàmú fi ọ̀rọ̀ rán òun sí ìyá rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ àwọn yóò dúró ní Banjul ní Sátidé tó ń bọ̀, láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà dákẹ́.

Ká ní ilé wọn jìnnà sí ti ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Ṣùgbọ́n àdúgbò Campama ni wọ́n ń gbé, níbi tí ilé ti há mọ́ ilé. Páánù ló pín yàrá níyà, Ndey sì wà lẹ́yìn páánù. Obìnrin rere ni Ndey, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Kazeem ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo sí ìyá rẹ̀ létí padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ndey yọjú tòun ti abọ́ ata.

"Kí lèyí?" Kazeem bi í.

"O sọ fún ìyá rẹ lánàá pé ata ti tán. Gbogbo wa la gbọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ìmáàmù. Mo bu díẹ̀ wá. Àwọn yòókù ń bọ̀."

Kazeem rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rí ata, ó rí ẹnu Ndey tó ń mì, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ndey lọ, ó fa Kazeem mọ́ra.

"Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ kó tó kú, wọn ò ní pariwo rẹ̀ sí mi létí níbí. Bí ó bá jẹ́ pé èpè ni, wọn ò ní bá mi gbọ́ ọ. Tún nǹkan yìí ṣe."

"Màá tún un ṣe."

"Ṣebí ìwọ lo ń tún ti gbogbo ayé ṣe?"

"Mo ní màá tún un ṣe, Màámi!"

Lẹ́yìn páánù, Ndey ní, "Ó ní òun á tún un ṣe, ẹ fara balẹ̀!"

Kazeem gbé e lọ sí Jollof Town pẹ̀lú ìbínú. Ó yí bátìrì padà, ẹ̀rọ ò fọhùn. Ó sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé òun yóò rí àwọn ojúlùmọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tiransísítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé ohùn ga, tí òun ń já látara òkú rédíò lójoojúmọ́. Kò rí ìkankan. Ohun dúdú kan ṣoṣo ló jókòó sáàárín, ó pẹlẹbẹ, kò tó èékánná, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Áísì ni wọ́n ń pè é, òun nìkan ń ṣe iṣẹ́ tiransísítọ̀ púpọ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú rédíò tuntun. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbé e sọdá sọ́dọ̀ Tijan. Tijan ti ń tún rédíò ṣe kí wọ́n tó bí Kazeem. Ó ní ìwé kan tí nọ́ńbà gbogbo wà nínú rẹ̀, bí èyí ò bá sí lọ́jà, ìwé á sọ èyí tó lè rọ́pò rẹ̀. Tijan ń se àtáyà lọ́wọ́, tíì líle tí wọ́n ń mu níbẹ̀, kò yára.

"Ọ̀gá àwọn òkú, kí ló dé?"

"Ẹ bá mi wo nọ́ńbà yìí."

Tijan wọ awò rẹ̀. Ó ṣí ìwé. Ó ṣí i títí. Ó pa á dé.

"Kò sí."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ní kò sí. Ti Japan wà níbí, ti Jámánì wà níbí, ti Gẹ̀ẹ́sì wà níbí. Èyí kò sí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ló ṣe é fún ara wọn. Wọn kì í tà á."

"Kí ló fà á? Ṣé tiransísítọ̀ ti tán lọ́jà ni? Àwọn tó kù ń rà lọ́jà, kí ló ṣe tiwọn?"

"Èmi ni mo ṣe é ni?" Tijan bu àtáyà fún un. "Mu. Inú rẹ ti gbóná jù."

"Ahun ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, a ó jókòó máa wo wọ́n lójú."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Kazeem kò mu àtáyà. Ó lọ sọ́dọ̀ ará Lébánónì tó ń ta rédíò. Ìyẹn ní òun lè kọ̀wé sí òkè òkun, oṣù mẹ́ta ni, bóyá wọ́n á dáhùn. Kazeem ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ méje ló kù.

Báyìí ló ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Láyé àtijọ́, tiransísítọ̀ kan wà tó jẹ́ gíláàsì, wọ́n á kùn ún ní dúdú. Àjàmú ti fi hàn án rí pé bí a bá fi réésà ha ọ̀dà yẹn kúrò, a ó rí inú rẹ̀ kedere. Kazeem rò pé bí ti áísì náà ṣe rí nìyẹn. Ó ní àwọn tiransísítọ̀ kéékèèké ni yóò jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ nínú ilé, òun yóò yọ èyí tó kú, òun yóò fi alààyè sípò rẹ̀. Kò sí ohun tó wà nínú ọ̀kan tí òmíràn kò ní. Ó mú réésà.

Ó ha á láti ìrun ọ̀sán títí di àsìkò àsáárì. Dúdú náà le bí òkúta, ó ń bọ́ ní ìwọ̀n eruku. Nígbà tó dé inú, ó rí ohun kan tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, kò tó orí abẹ́rẹ́. Kò ní ẹsẹ̀ tí a lè di mú, kò sì sí àyè tí òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà lè wọ̀. Wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n fi so ó mọ́ àwọn ẹsẹ̀ mẹ́jọ, réésà sì ti gé wọn. Ó gé gbogbo wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ó gbé réésà lélẹ̀.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun ṣì ń ṣe é lọ́wọ́.

Ó da agbọ̀n òkú rédíò sílẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá tà á fún òun, òun yóò ṣe tòun. Ó já tiransísítọ̀ mẹ́rin, ó já èyí tó ń gba ohùn nínú tẹlifóònù àlòkù kan, ó tò wọ́n. Kò fọhùn tó. Ó fi méjì kún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Ó tún un tò, ó gbóná, ó jó o lọ́wọ́. Bátìrì kékeré yẹn kò tó o jẹ rárá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ló fi sí i níkẹyìn, ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì wọ́n pọ̀. Kò sí ohun tó lè gba gbogbo ẹ̀ àfi agolo mílíìkì. Ó kó o sínú agolo.

Tijan wá wò ó. Ó gbé agolo náà sókè, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́.

"Ṣé ìyá rẹ ni yóò gbé èyí kọ́ àyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbí ẹ ó ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí yóò máa gbé e tẹ̀ lé e?"

"Ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú wáyà tín-ín-rín tó jẹ́ ti ẹ̀rọ Àjàmú, òun àti èyí tó ń wọ inú etí, ó so ó mọ́ agolo. Agolo ò dún. Ó yí eléyìí padà, ó yí tọ̀hún padà, kò dún. Ó ti fẹ́ la gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rántí wáyà. Ó fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì dán an wò. Iná ò kọjá. Ó tẹ wáyà náà díẹ̀, gílóòbù tàn. Ó fi í sílẹ̀, gílóòbù kú.

Wáyà ti já nínú awọ rẹ̀, ní ibi tí ìyá ti máa ń kì í bọ etí ìró.

Wáyà ni. Wáyà ni láti ọjọ́ kìíní. Áísì kò ṣe nǹkan kan. Ara rẹ̀ yá gan-an títí dìgbà tí réésà dé.

Kazeem jókòó. Àjàmú ti sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó di irin tí wọ́n fi ń jó òjé mú. "Kọ́kọ́ wo okùn. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rédíò, olè ni tàbí òmùgọ̀." Ọdún mẹ́wàá ni Kazeem ti ń kọ́kọ́ wo okùn rédíò gbogbo ayé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò wò.

Ó fi wáyà mìíràn sí agolo. Agolo dún.

Nígbà tó di Sátidé, òjò ti rọ̀, omi ti kún ọ̀nà Campama dé orókùn. Olútúndé wọlé tòun ti bàtà lọ́wọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

Ìyá kò gbọ́. Kazeem gbé agolo sí i lẹ́sẹ̀, ó fi ti etí sí i létí, ó so wáyà pọ̀.

Ìyá fò sókè.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lu páánù. Òjò wọ inú agolo. Odó Ndey wọ inú agolo. Ọ̀pọ̀lọ́ inú omi wọlé. Èémí ìyá fúnra rẹ̀ wọlé, aṣọ tó ń ra ara wọlé. Gbogbo ayé ló wọlé, ọ̀rọ̀ nìkan ni kò ráyè wọlé. Olútúndé ń sọ̀rọ̀, ìyá ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Òjò ni mò ń gbọ́! Kazeem, òjò ni!"

Kazeem yí nǹkan kan nínú agolo. Ó súfèé. Lẹ́yìn páánù, Ndey béèrè pé, "Kí lẹ ń pa?" Agolo gbóná, ohùn rẹ̀ rọra ń lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Bátìrì ti kú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Olútúndé gbé agolo, ó wo inú rẹ̀. Ó rí ẹ̀rọ kékeré lẹ́bàá rẹ̀, ó ṣí i, ó rí ohun dúdú tí wọ́n ti ha. Ó wo Kazeem.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni." Inú bí Kazeem. "Kí ló dé tí wọn ò lo ohun tí gbogbo ayé ń lò? Ká ní wọ́n rà á lọ́jà, ǹ bá ti rí ọ̀kan fi sí i. Ahun!"

"Ohun tí gbogbo ayé ń lò ló wà nínú agolo yìí," Olútúndé wí. "Rédíò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Rédíò ń jókòó lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń gbé e kọ́ àyà lọ sọ́jà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kékeré yìí fẹ́ èyí tí kò ní wúwo, tí yóò fi bátìrì kan jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí yóò mú ohùn èèyàn kó sì fi odó sílẹ̀. Wọ́n wá a lọ́jà, kò sí. Àwọn tó ń ta tiransísítọ̀ ò ní tìtorí etí àwọn arúgbó yí iṣẹ́ wọn padà. Ìyẹn ni wọ́n fi jókòó, wọ́n ya tiwọn fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń wá."

"Wọn kò sì tà á fún ẹlòmíràn."

"Wọn kò tà á. Wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú tiwọn. Ahun náà wà níbẹ̀, mi ò ní kò sí."

"Ta ló sọ gbogbo èyí fún yín?"

"Ẹni tó tà á fún wa ní Liverpool ni. Àjàmú ló bá a jà. Ó ní kí ló dé tí wọn ò fi ohun tí èèyàn lè tún ṣe sí i. Àwa méjèèjì dúró lórí ẹsẹ̀ wa, ó ń bá òyìnbó fà á títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn." Olútúndé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tó rà á tán, ó ní, 'Bí èyí bá bàjẹ́, Kazeem ò ní rí i tún ṣe. Àbúrò mi á bú mi.'"

Kazeem yíjú sí ògiri.

Ìyá ti ń wo ẹnu wọn. Ó yọ ti etí kúrò, ó gbé e lé orí agolo. Ó dìde, ó wé gèlè.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí omi, kò sí páánù níbẹ̀," ó wí.

Wọ́n la omi Campama kọjá. Wọ́n gba ọ̀nà tó jáde ní ìlú lọ sí Mile Two, wọ́n yà sí iyanrìn, níbi tí ilé ti tán. Òjò ti dá. Òkun ń ho. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀ àfi àwọn ẹyẹ. Kò bójú mu kí ọkùnrin àlejò fi ẹnu sí etí opó, nítorí náà Olútúndé tẹ̀ sí etí Kazeem, ó sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Kazeem kò tíì sunkún láti oṣù kẹta. Ó fi ẹnu sí etí ìyá rẹ̀.

"Àjàmú ní!" ó pariwo. "Ó ní kí wọ́n sọ fún yín! Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà! Ó ní òjò ló ń rọ̀! Òjò nìkan lòun gbọ́!"

Ìyá dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìró rẹ̀.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ó gbọ́," ìyá wí. "Ó wò mí lójú. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Fèrè ọkọ̀ dún láti èbúté. Olútúndé wo aago, ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn fún ìyá, ó di Kazeem lápá mú. Ó ní òun yóò wá irú ẹ̀rọ náà tí òun bá dé Liverpool, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbọ́kàn lé e, àwọn tó ṣe é ti ya tuntun, bóyá wọn kò ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ó sáré lọ.

Kazeem ò fẹ́ gbé ẹ̀bi tiẹ̀ relé. Ó tún fi ẹnu sí etí ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Màámi! Wáyà lásán ni! Èmi ni mo fi réésà gé e!"

"Mo mọ̀. Mo rí réésà àti eruku dúdú lórí tábìlì rẹ lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ wá. Etí mi ló di, ojú mi ò fọ́."

Ìyá fa apá rẹ̀, ó tún gbé etí fún un.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ohùn Kazeem ti há. Ó sọ ọ́.